Ìrònú Tó Yàtọ̀ Kì Í Ṣe Àìlọ́gbọ́n



A máa ń rí ọmọ kéwú tí kì í wojú àfáà, tí kì í bẹ́gbẹ́ ṣeré, ṣùgbọ́n tí àmì kékeré kan bá sọnù lórí wàláà, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Àwọn kan a ní dìndìnrìn ni. Rárá o. Ó lè jẹ́ ọ́tísíìmù, èyí tí oníṣègùn Leo Kanner ṣàlàyé ní 1943. Kì í ṣe iṣẹ́ àlùjànnú.

Ọ̀pọ̀ wọn a máa ti ibi kéékèèké dé odindi. Ọ̀pọ̀ àwa yòókù a kọ́kọ́ mú odindi. Ìjìnlẹ̀ wà lọ́nà méjèèjì. Ní 2012, Damian Milton, onímọ̀ ará Britain tí òun náà ní ọ́tísíìmù, là á yé wa pé bí wọn kò ti lóye wa ni àwa náà kò lóye wọn.

Nítorí afọ́jú kan, Abdullahi ọmọ Umm Maktum, ni Súrà Abasa ṣe sọ̀kalẹ̀: ẹni tó ń wá ìmọ̀ tọ́ sí àfiyèsí, bó ti wù kí ara rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú orúkọ ẹ̀gàn, ká sọ̀rọ̀ ní tààrà dípò òwe, ká fi sùúrù rọ́pò pàṣán.

Kí Ọlọ́hun fún wa lóye. Àmín.