ÈRÒ TÍ A KÒ MỌ̀ PÉ A Ń RÒ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́

Ìbéèrè kan wà tí olùkọ́ kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ bá wí pé, "Èmi kò mọ̀," ó ha lè jẹ́ pé ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun mọ̀? Nítorí ìdáhùn yìí ni pàṣán ti gòkè lọ́pọ̀ ìgbà ní ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà ọ̀ràn eré kọ́.

Ní ọdún 1690 ni John Locke, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí òye ènìà. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ọkàn kò lè ro ohun kan kí ó má mọ̀ pé òun ń rò ó. Leibniz, ará Jámánì tí a bí ní 1646, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, nígbà tí a bá dúró létí òkun, a kò lè ya ariwo ìgbì kan sọ́tọ̀. Síbẹ̀ bí etí kò bá gba ti ọ̀kọ̀ọ̀kan rárá, a kì bá tí gbọ́ ti gbogbo wọn, nítorí òfo lọ́nà ẹgbẹ̀rún, òfo náà ni.

Òkun jìnnà sí wa ní Àkókó, ṣùgbọ́n a ní ọjà. Ẹni tí ó ti Ọ̀kà bọ̀ ní ọjọ́ tí ọjà Ìkàrẹ́ kún, bí ó bá ti súnmọ́ tòsí ni yíò máa gbọ́ ariwo rẹ̀ tí ń hó bí omi. Kò lè mọ ohùn aláta yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́ran, bẹ́ẹ̀ ni láti inú ohùn wọn ni ariwo náà ti wá. Ẹ sì wo ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata. Lẹ́hìn oṣù kan, yíò wí pé òun kò gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì, yíò gbé orí sókè. Bí kò bá gbọ́ ọ, báwo ni ó ṣe mọ̀ pé ó dákẹ́?

Locke kú ní 1704, Leibniz kò sì tẹ ìwé tí ó fi dá a lóhùn jáde, nítorí kò fẹ́ bá òkú jiyàn. (Ìwà ọmọlúwàbí ni, lójú tiwa.) Òun náà kú ní 1716; ó di 1765 kí aiyé tó rí ìwé náà.

Sigmund Freud, oníṣègùn ìlú Vienna tí ó kú ní London ní 1939, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní àwa tìkára wa ni a ń ti èrò náà sísàlẹ̀ nítorí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù, tí ó sì ń yọ jáde nínú àlá àti àṣìsọ. Kí a má da ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀. Ọmọ tí ó gbàgbé ìṣirò kò fi dandan ní ohun tí ó ń fi pamọ́.

Èdè wa pàápàá ti fọwọ́ kan ọ̀ràn yìí. A máa ń wí pé, "Ọkàn mi sọ fún mi," bí ẹni pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbọ́.

Leibniz tún fi àwọn ìlànà ìrònú wé iṣan ẹsẹ̀, tí a fi ń rìn láì rò ó. Ẹni tí ń gun òkè Ọ̀kà, tí ó sì ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ òkúta fúnra rẹ̀. Ẹ dán èyí wò ní kíláàsì: ẹ sọ gbólóhùn kan fún ọmọ Ọ̀kà ní ohùn ìlú rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọ̀rọ̀ kan sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Yíò rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í ní òfin tí ẹ rú. Yíò wí pé òun kò mọ̀, kò sì purọ́. Láti inú ẹ̀rín náà ni a lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gírámà.