Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ń Gbé Ọkọ̀ Fáànù Lọ Sórí Òkè Yìnyín

Bí ìgbà òtútù bá ti wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú fáànù, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìdáná àti tánńkì omi sí i, a máa múra ìrìn àjò. Àwọn kan á kọrí sí Aviemore ní Scotland. Àwọn mìíràn á sọdá sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n á di òkè Alps. Ìgbádùn ni, kò sẹ́ni tó sọ pé kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì fáànù yín ń yí, ẹ yẹ táyà wò kí ẹ tó kúrò nílé. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń bẹ̀rù ni pé kí ọkọ̀ má lè gòkè. Ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù. Ọkọ̀ tí kò lè gòkè, ìdí òkè náà ni yóò wà. Ojú á kàn ti ẹni tó wà á ni. Èyí tó gòkè tán, tí kò rí ilẹ̀ dì mú nígbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ méjì ló ń fa ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni bíréèkì ń mú.

Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ ra táyà òtútù méjì, kí ẹ ní ó tó. Nínú Fiat Ducato àti Volkswagen Transporter tó wọ́pọ̀, iwájú ló ń fa ọkọ̀. Bí ẹ bá wọ tuntun fún iwájú nìkan, lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì níbi kọ́nà, iwájú á di ilẹ̀ mú, ẹ̀yìn á yọ̀, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú orí. Èyí tí ẹ̀yìn ń tì, bíi ọ̀pọ̀ Mercedes Sprinter, ní tirẹ̀: bí ẹ bá wọ ọ́ fún ẹ̀yìn nìkan, ẹ ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á máa lọ tààrà. Mẹ́rin ni kí ẹ rà, irú kan náà ni kí wọ́n jẹ́.

Ẹ má sì rò pé ìgbà tí yìnyín bá bọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí òtútù bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 7°C, rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ sí í le, bí òrí ṣe ń dì lásìkò ọyẹ́. Rọ́bà tó le kì í mú ọ̀dà, pàápàá tí ojú títì bá tutù. Rọ́bà táyà òtútù máa ń rọ̀ síbẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí àwọn ilà tín-ín-tín-ín tó dà bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé. Àwọn ni wọ́n ń bu yìnyín jẹ.

Àmì wo ni kí ẹ wá? Àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí èérún yìnyín kan wà láàárín rẹ̀. Táyà tó ní i ti yege ìdánwò lórí yìnyín. Lẹ́tà M+S yàtọ̀: ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló ń fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀, òfin kò bèèrè ìdánwò kankan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Jámánì kò ka M+S nìkan sí táyà òtútù mọ́. Ilẹ̀ Faransé náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ní àwọn agbègbè olókè tí òfin kàn láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di òpin oṣù kẹta. Ní Ọ́stríà, bí ilà táyà òtútù kò bá tó mìlímítà 4, wọn kò kà á sí táyà òtútù. Táyà onígbà gbogbo tó bá ní àwòrán òkè yẹn náà bófin mu.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ táyà òtútù di dandan fún ẹnikẹ́ni, mìlímítà 1.6 ló ní kí ilà táyà má dín sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Lecht ní Scotland, láàárín Cock Bridge àti Tomintoul, nígbà òtútù mọ̀ pé géètì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tì nígbà tí yìnyín bá pọ̀. Òkè kì í ka ìwé òfin.

Ìwọ̀n ẹrù ló kù, òun ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ ka ẹ̀gbẹ́ táyà. Ká ní 225/75 R16 CP 116 ni wọ́n kọ síbẹ̀. CP yẹn ni ti ọkọ̀ tí a ń sùn sí. 116 ní táyà kan lè ru 1,250 kílò, bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá pé. Méjì tó wà lẹ́yìn, 2,500. Ẹ wá wo 95 tó wà lára ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ kékeré: 690 kílò ni, méjì rẹ̀ kò ju 1,380. Ẹni tó bá tìtorí owó pọ́ọ́kú wọ irú èyí fún fáànù tó kún, ó ń wá wàhálà. Bí ẹ kò bá rí CP ti òtútù, èyí tó ní C, ti ọkọ̀ akẹ́rù, tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ tó ti ọkọ̀ yín, ṣeé lò. Ṣùgbọ́n ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ CP sí i, torí ti CP a máa ga jù ú lọ.

Ẹ kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ pọn omi kún tánńkì, kí ẹ lọ wọ̀n ọ́n, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Omi lítà 100, kílò 100 nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ so mọ́ ìdí ọkọ̀ ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé iwájú fúyẹ́. Bó bá jẹ́ iwájú ló ń fa ọkọ̀, ẹsẹ̀ tó yẹ kó di ilẹ̀ mú ti di fúyẹ́ nìyẹn. Ẹ kó ẹrù wúwo sí àárín.

Ẹ ṣọ́ra fún táyà tòkunbọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 3523 ni ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì nínú ọdún 2023. Ilà lè pọ̀ kí rọ́bà ti gbó. Ẹ ra ṣéènì tí a ń dè mọ́ táyà nínú yìnyín pẹ̀lú, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín bóyá ó gbà á lórí ìwọ̀n táyà yín, kí ẹ sì fi dánra wò níwájú ilé. Ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ni ẹ ó dè é mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, bí owó kò bá tíì ká táyà mẹ́rin, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú. Òkè kò ní ṣí lọ, ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín kò sì ní ìpààrọ̀.