Òkété Tí Kò Lè Mu Mọ́

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ọmọ Yorùbá tí mo fẹ́ túmọ̀ ìyẹn fún. Ìyá wò wá títí a fi dèèyàn; ó yá, kí àwa náà wo ìyá. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe, ayé á gbọ́. Ó parí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí ohun tí mo rí ní Ẹ̀pẹ́, mi ò lè gbọ́ òwe náà kí inú má bí mi díẹ̀.

Àlhájà kan ni, ní Òkè-Balógun. Ẹja ló fi tọ́ ọmọ márùn-ún, kò sì sí ẹni tó tajà ní ọjà Olúwo nígbà ayé rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Arán ló fi bẹ̀rẹ̀. Á jí lóru, á ní òun ń lọ sọ́jà. Á béèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú, bí wọ́n bá sì rán an létí, á bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Nígbà tó yá, kò mọ ọmọ mọ́, kò lè dá jókòó, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti ọmọ rẹ̀ kan tó ń gbé Ìkòròdú wọkọ̀ ní Sábó lọ kí i, oúnjẹ ló ń kọ̀.

Àbígbẹ̀yìn tó ń tọ́jú rẹ̀ gbé orí ìyá lé itan. Ó ká àtẹ́lẹwọ́ òsì sí i lẹ́nu, ó da èkọ mímu sínú ọwọ́ náà, ó wá fi àtàǹpàkò dí i nímú kó lè gbé e mì. Bí a ṣe ń rọ ọmọ ọwọ́ gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní London wà lórí fóònù, ojú rẹ̀ kún gbogbo gíláàsì: "Ẹ rọ ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí ebi pa màámi ni?" Ìyá ń wúkọ́, èkọ ń gba imú jáde, ó sì di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń tì í kúrò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òtútù àyà gbé e dé ilé ìwòsàn kan. Wọ́n fi omi sí i lápá, wọ́n ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ kí wọ́n lè máa ti ibẹ̀ fún un lóúnjẹ. Ó fà á yọ. Wọ́n ki í padà, wọ́n sì fi báńdéèjì so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.

Kò sí ọmọ burúkú kan nínú wọn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní wọ́n pa á tì ni, ǹ bá mọ ẹni tí n ó bú. Òwe ni wọ́n tẹ̀ lé: ìyá ti di òkété àgbà, ẹ fún un lọ́mú. Ta ló sọ fún wọn rí pé ìgbà kan ń bọ̀ tí òkété kò ní lè mu mọ́?

Dementia ni wọ́n ń pe àrùn tó ṣe Àlhájà. Àwọn kan ṣì ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé arúgbó tiwa kàn ń ṣarán lásán ni. Àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ òfo ni méjèèjì. Láti ọdún 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti dara pọ̀ mọ́ Hugh Hendrie láti Indiana, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń yẹ àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè wò ní Ìdíkàn, nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn èèyàn dúdú ìlú Indianapolis. Nígbà tí èsì jáde ní 1995, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àrùn náà ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, 4.82 ni láàárín àwọn tó ń gbé nílé ara wọn; nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà nílé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn, ó di 8.24. Tiwa kéré, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iye ọ̀hún ṣe fò sókè: ilé ìtọ́jú ni àwọn tí tiwọn le jù wà, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń wò wọ́n. Ní Ìbàdàn nígbà náà, kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè yà sí. Yàrá ẹ̀yìn ni tiwa wà, lọ́wọ́ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní nǹkan kan.

Ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ ni pé àrùn yìí ń pani. Ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe gba orúkọ ọmọ lọ náà ló máa gba ẹsẹ̀, tó sì máa gba ọ̀fun níkẹyìn. Dókítà Susan Mitchell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé èèyàn 323 tí àrùn náà ti wọ̀ lára jinlẹ̀, nínú ilé ìtọ́jú 22 ní agbègbè Boston, fún oṣù 18. Ó lé ní ìdajì wọn tó kú láàárín ìgbà náà. Nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 86 ni jíjẹ àti mímu dìṣòro fún. Èsì tí wọ́n tẹ̀ ní 2009 ní nǹkan kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń tọ́jú òbí mọ̀: níbi tí ẹbí ti mọ̀ pé àrùn náà ti dé òpin, tí wọ́n sì mọ ohun tó ń bọ̀, wọn kì í sábà kó ìyà rọ́bà àti abẹ́rẹ́ bá aláìsàn lóṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ìmọ̀ lásán ni o, kì í ṣe owó.

Ní ti rọ́bà imú àti ti ikùn, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú arúgbó ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba ní 2014: ẹ má fi í sí ẹni tí dementia rẹ̀ ti dé ìpele ìkẹyìn. Kì í fi kún ẹ̀mí, kì í dá òtútù àyà dúró, ṣe ló ń jẹ́ kí wọ́n máa de èèyàn lọ́wọ́. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fún un lóúnjẹ.

Báwo ni a ṣe ń fọwọ́ fún un? Ẹ gbé e jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, kí àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fún ẹni tó dùbúlẹ̀ ní ohunkóhun. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀ kó lè rí ojú yín. Ṣíbí kékeré ni kí ẹ fi kàn án létè, kí ẹ dúró kó lanu fúnra rẹ̀. Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀ kó gbé e mì kí ẹ tó bu òmíràn. Omi ló máa ń tètè pá irú wọn lórí, tó sì ń gba ọ̀nà èémí lọ. Èkọ tó ki díẹ̀ sàn ju omi lọ. Bó bá pa ẹnu dé, tó bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, oúnjẹ ti parí nìyẹn. Ẹ padà wá tó bá yá. Bó bá wá kọ̀ pátápátá, ẹ fi òwú tútù nu ètè rẹ̀, kí ẹ fi òrí pa á. Ebi kọ́ ló ń pa á kú. Nítorí pé ó ń kú ni kò ṣe jẹun mọ́.

Ẹ wo ìrora náà. Arúgbó tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tó bá ń gbá èèyàn lọ́wọ́ tàbí tó ń ké lóru, kíá ni à ń ní ó burú, a ó sì wá oògùn oorun fún un. Ní Norway, Bettina Husebo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú nǹkan mìíràn lára àwọn alárùn yìí 352 tó wà nílé ìtọ́jú: wọ́n tọ́jú ìrora nǹkan bí ìdajì wọn létòlétò, parasítámọ́ọ̀lù sì ni èyí tó pọ̀ jù lára àwọn yẹn gbà. Ìjà àti igbe àwọn tí wọ́n tọ́jú bẹ́ẹ̀ dínkù. Èsì náà jáde ní 2011. Kí ẹ tó pe ìyá yín ní oníjàgídíjàgan, ẹ yẹ eyín rẹ̀ wò, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá egbò wà níbẹ̀, kí ẹ béèrè ìgbà tó ṣe ìgbẹ́ kẹ́yìn.

Mo tún ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ bá òwe òkété yìí rò. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ kan ṣoṣo ni òkété bí. Ọmọ márùn-ún ni Àlhájà bí. Ọ̀kan ló kó igbá ẹja rẹ̀ kúrò lọ́jà, tó ń yí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí i, tí kò sun oorun kan tán. Àwọn yòókù ń fi owó páḿpáàsì ránṣẹ́, wọ́n sì ń fi àṣẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Owó ọjà tí ọmọbìnrin yẹn pàdánù, gbèsè ẹbí ni. Òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹni tó wà ní Ìkòròdú ì bá fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sùn, gbèsè ni ìyẹn náà.

Ẹ má sì sọ fún mi pé èèwọ̀ ni ilé arúgbó. Ìjọba Èkó ní ọ̀kan ní Yábàá, ìjọ Kátólíìkì Regina Mundi ní ọ̀kan ní Mushin. Ẹni tí kò fọ ìdí arúgbó rí ló máa ń kọ́kọ́ pariwo èèwọ̀. Ohun tí mo rí sí i ni pé wọ́n kéré níye, wọ́n sì jìnnà sí ará Ẹ̀pẹ́. Èyí tó wù mí jù ni irú ohun tí Dókítà Adéoyè Lambo dá sílẹ̀ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954: nígbà náà, alárùn ọpọlọ ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, ẹbí rẹ̀ kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń dáná fún un, ilé ìwòsàn sì wà nítòsí tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọn kò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, wọn kò sì dá iṣẹ́ náà dá ọmọ. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí ìwòsàn kò sí fún mọ́, kí ara lè tù ú títí dé òpin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò wà lára àwọn tó jà fún un. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ yẹn, tó lè wọlé wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ni kí a máa béèrè fún ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ nígbà tí olóṣèlú bá tún wá bẹ̀ wá fún ìbò.

Kí nọ́ọ̀sì yẹn tó dé, ẹ pe ìpàdé ẹbí nígbà tí ìyá ṣì lè dá sí ọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè: ṣé ilé ló fẹ́ kú sí àbí ilé ìwòsàn? Ṣé ó fẹ́ rọ́bà? Ta ni kó máa pinnu bí ẹnu rẹ̀ bá wọlẹ̀? Ẹni tó bá máa ń yọwọ́ ṣíbí nígbà tí ìyá bá yíjú ni kí ẹ fi ìpinnu sí lọ́wọ́, ì báà jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Ẹni tó wà ní London, kó fi owó ránṣẹ́, kó sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.