Àbúrò Mi, Má Bá Wọn Gbé Kòkòrò Wọlé

Àbúrò mi, ìwọ tó o gbin àgbàdo sí ẹ̀bá Ṣakí, tó o tún gbé àpótí oyin sábẹ́ igi òrí, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Kòkòrò tó ń jẹ ọ̀mùnú àgbàdo wa kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, kó tó tàn ká Áfíríkà.

Tiwa náà sì ti lọ bá wọn lọ́hùn-ún. Kòkòrò dúdú kékeré tó ń wọ ilé oyin, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ṣẹ̀ wá. Èyí tí onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Murray kọ̀wé lé lórí lọ́dún 1867, Calabar ni wọ́n ti rí i. Oyin tiwa ti mọ ìwà rẹ̀, wọn a máa lé e, wọn a sì fi àtè há a mọ́ kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i ní Florida lọ́dún 1998, oyin ibẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà, ó sì ba ilé oyin púpọ̀ jẹ́. Ẹrù àti ọkọ̀ ni àwọn onímọ̀ fura sí pé ó gbé e débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ létí: wo ohun tó o bá ń gbé.

Bí ìbátan wa lápá Benin bá fún ọ ní igi ẹ̀gẹ́, dúpẹ́ gan-an, àmọ́ má gbé e sọdá ibodè láìjẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ irúgbìn wò ní ibodè, yẹ̀ ẹ́ wò. Nílé níbí pàápàá, má gba igi ẹ̀gẹ́ tó o kò rí ewé rẹ̀ lóko. Bí ewé bá ti ká, tó lámì ràkọ̀ràkọ̀, àrùn ló wà lára rẹ̀, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti àgbàdo, máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà tó bá ti hù. Ìyá kòkòrò ọ̀mùnú náà, àfòpiná tó ń fò lálẹ́, lè yé ẹyin tó lé ní 1,000. Wàá rí ẹyin náà lójú ewé, ó wà lákójọ, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Fi ìka rún un níbẹ̀. Bó o bá rí ìgbẹ́ rẹ̀ bíi lẹ́bú pákó nínú ọ̀mùnú, la ewé yẹn: kòkòrò tó ní tóótòòtó dúdú mẹ́rin nídìí, tí wọ́n tò ní igun mẹ́rin, òun gan-an nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn máa ń bu eérú tàbí iyanrìn kúnná sí ọ̀mùnú rẹ̀ nígbà tí kò tíì pọ̀.

Bó bá wá di ọ̀rọ̀ oògùn, jọ̀wọ́, ìrọ̀lẹ́ ni kó o fọ́n ọn. Oyin ń kó lẹ́búlẹ́bú lára òdòdó orí àgbàdo lójú ọ̀sán, oògùn yóò sì pa wọ́n. Lálẹ́, wọ́n ti wọlé, kòkòrò tiẹ̀ ń jáde jẹun nígbà yẹn. Sọ fún olóyin tó wà nítòsí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gúsí tó o gbìn sáàárín ebè, oyin ló ń bá ọ mú un so, mi ò fẹ́ kó o pàdánù wọn.

Bó o bá gé afárá, fún un lọ́jọ́ náà, má fi èyí tó já sílẹ̀ sídìí àpótí: inú afárá ni ọmọ kòkòrò dúdú yẹn ti ń jẹun dàgbà, kó tó wọ inú ilẹ̀ lọ para dà. Ọ̀bẹ tó o yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó o tó kan afárá tìrẹ.