Ẹ Yẹ Àgbá Ògógóró Wò Dáadáa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹmu fún àwọn tó ń se ògógóró, ẹ mọ irinṣẹ́ wọn: àgbá lórí iná, páìpù bàbà tó ti ẹnu rẹ̀ jáde tó gba inú omi tútù kọjá, àti ìgò tí ọtí ń kán sí. Ọtí ń hó ní ìwọ̀n 78, omi ní 100, ìdí nìyẹn tí ooru ọtí fi ń ṣáájú. Bí omi tútù bá ti gbóná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ooru tó bá sá jáde lè gbiná.

Àgbá gan-an ló ń kọ wá lóminú. Èyí tó ti gbé kẹ́míkà rí, kò ṣe é fọ̀ mọ́. Páìpù tí wọ́n fi òjé jó, májèlé ni.

Ní 2015, methanol inú ògógóró pa èèyàn l'Óde-Ìrẹlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìjọba àpapọ̀ sì fòfin dè é lọ́dún náà. Methanol kò láwọ̀. Ẹni tó ra ògógóró l'Ọ́jà'ba láti fi re egbò kò lè fojú dá a mọ̀. Dída èyí tó kọ́kọ́ kán nù kò tó. Bójú ẹni tó mu ún bá ń ṣe bàìbàì, ẹ má wá epo pupa kiri, ilé ìwòsàn ni kíákíá.