Ẹni Tí A Rán Níṣẹ́ Yóò Jábọ̀

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*

  

*Kíkà:* Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 14:19-28

Bí ìyá kan bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Ọjà-Ọba pé kó lọ ra ẹ̀wà àti ata wá, iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tí ọmọ bá san owó tán. Ó di ìgbà tó bá délé, tó gbé ọjà kalẹ̀, tó ka ṣéńjì sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì sọ bí ọjà ṣe rí. Yorùbá ní orúkọ fún apá méjèèjì: *jíṣẹ́* ni ti ìlọ, *jábọ̀* ni ti ìbọ̀. Ọmọ tó jíṣẹ́ tí kò jábọ̀, ìyá rẹ̀ á ṣì máa yọjú wo ọ̀nà ni.

Ọ̀rọ̀ òní wà fún ìwọ tí o fi ọdún kan, ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì fún Ìjọ, tí o kò ṣe nǹkan mìíràn, tí àkókò rẹ pé, tí o sì ti padà wálé. Ó tún wà fún àwa tí o bá nílé.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ìpadàbọ̀ máa ń le. Níbi tí o ti sìn, agogo àdúrà ló ń jí ọ, àwọn èèyàn ń dúró dè ọ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nísinsìnyí, o jí nílé, kò sẹ́ni tó ń pè ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ríṣẹ́, àwọn mìíràn ti ṣègbéyàwó. Ẹnì kan á wá wò ọ́ tòkè tilẹ̀, á ní, "Gbogbo ọdún tó o lò yẹn, kí lo mú bọ̀?" Ìbéèrè yẹn máa ń dunni wọra. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ máa rò pé Ọlọ́run ti lo òun tán, ó sì ti gbé òun tì.

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù àti Bánábà. Ìjọ Àǹtíókù gbààwẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn, wọ́n sì rán wọn lọ. Ojú wọn rí nǹkan. Ní Lísírà, wọ́n sọ Pọ́ọ̀lù lókùúta, wọ́n wọ́ ọ jáde ìlú, wọ́n ṣe bí ó ti kú ni. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣe.

*Èkíní, wọ́n fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.* Wọ́n padà gba àwọn ìlú náà kọjá, wọ́n yan àwọn alàgbà sí ìjọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wọ́n lé Olúwa lọ́wọ́. Míṣọ́nnárì rere kì í di iṣẹ́ mú bí ẹni pé ogún bàbá rẹ̀ ni. Àwa ará Ìlọrin ti rí irú èyí. Ní 1960 ni Róòmù ya Ìlọrin sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbègbè míṣọ́nnárì, ó sì di dáyósíìsì ní 1969. Bíṣọ́ọ̀bù William Mahony, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, ọ̀kan nínú àwọn Fadá SMA, ló darí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1984, ó gbé ọ̀pá àṣẹ sílẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù John Onaiyekan, ọmọ Kàbbà, ló sì gbà á. Ìjọ kò wó. Iṣẹ́ ń lọ.

*Èkejì, wọ́n jábọ̀.* Wọ́n kó gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ròyìn ohun tí Ọlọ́run fi wọ́n ṣe. Wọn kò fi ojú ọgbẹ́ òkúta ṣe fọ́ńté. Ọlọ́run ni wọ́n ní ó ṣí ilẹ̀kùn ìgbàgbọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo mú bọ̀, má ṣe tijú. Àbọ̀ lo mú bọ̀: ọmọ tó kọ́ àdúrà lẹ́nu rẹ, aláìsàn tó o jókòó tì, ìjà tó o bá wọn parí. Jẹ́ àbọ̀ náà.

*Ẹ̀kẹta, wọ́n dúró.* Lúùkù ní àkókò tí wọ́n lò pẹ̀lú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn níbẹ̀ kò kéré. Wọn kò sáré wá iṣẹ́ ńlá mìíràn láti fi hàn pé wọ́n ṣì wúlò. Jésù pàápàá, nígbà tí àwọn Àpọ́sítélì jábọ̀ fún un, ìsinmi ló kọ́kọ́ pè wọ́n sí (Máàkù 6:30-31). Àwọn àgbà náà ní, ilé làbọ̀ sinmi oko.

Bóyá o ní, "Tèmi kò parí dáadáa. Ọkàn mi wúwo nígbà tí mo kúrò níbẹ̀." Gbọ́ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac. Ní 1842, ó fi ilẹ̀ Faransé sílẹ̀ lọ sí Íńdíà. Ó di bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ó ń fẹ́ kí wọ́n tètè tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ di àlùfáà, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí àṣà ìbílẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún méjìlá, ó fi ipò sílẹ̀, ó padà sílé. Ẹni tó bá rí i nígbà náà á ní tirẹ̀ ti tán. Àmọ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1856, ní ìlú Lyon, ó dá ẹgbẹ́ SMA sílẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà. Òun fúnra rẹ̀ dé Freetown ní 1859, àìsàn sì pa á láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹgbẹ́ yẹn ló rán àwọn Fadá sí Èkó àti Abẹ́òkúta, òun náà ló rán Mahony sí wa. Ohun tí Brésillac ń fẹ́ fún àwọn ará Íńdíà, a fi ojú wa rí i ní Ìlọrin. Ìpadàbọ̀ tó dà bí ìjákulẹ̀, ibẹ̀ ni ìbùkún wa ti wá.

Ó ku àwa ilé o. Ṣé ẹ rí i pé "àbọ̀" náà ló wà nínú "ẹ kú àbọ̀"? Ẹni tó ní àbọ̀ jẹ́, ó yẹ kó rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Àǹtíókù péjọ, wọ́n gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Mísà. Ẹ̀yin CWO àti CMO, ẹ bèèrè bóyá ó ti rí iṣẹ́ àti ibi tí yóò máa gbé. Ẹ má sì kó gbogbo ipò inú páríìṣì lé e lórí ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́.

Ìwọ tó dé, bó o bá pàtẹ ní Ọjà-Ọba lọ́la, níwájú ààfin Ẹ́míà, tí aládùúgbò rẹ lọ́tùn-ún lósì jẹ́ Mùsùlùmí, kò sẹ́ni tí yóò pè ọ́ ní míṣọ́nnárì. Kóńgò rẹ ni wọn yóò wò, bóyá ó kún. Wọn yóò wò ó bóyá o ń kí wọn, bóyá o lè bá wọn ṣọ́ ọjà nígbà tí wọ́n bá lọ kírun. Ọ̀rọ̀ náà "Mísà" gan-an, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó jẹ mọ́ rírán èèyàn lọ ló ti wá. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń rán wa. Alaalẹ́ la ó sì máa jábọ̀ fún Ẹni tó rán wa.

*Iṣẹ́ òní:* Pe ẹnì kan tó ti iṣẹ́ míṣọ́nnárì dé, tàbí àgùnbánirọ̀ NACC tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú. Kí i kú àbọ̀. Kó o tó gbà á nímọ̀ràn kankan, kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ lo rán wa, ọ̀dọ̀ rẹ la ń bọ̀. Gba àbọ̀ wa, àti èyí tó dùn àti èyí tó korò. Fún àwọn tó ti dé ní ìsinmi, iṣẹ́ òòjọ́ àti ọkàn tó balẹ̀. Fún àwa nílé ní etí tó ń gbọ́. Nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.

Màríà Mímọ́, Ìyá Ọlọ́run, gbàdúrà fún wa.

Ọjọ́ òní á san wá o.