Oògùn Ọkàn àti Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀: Kí Ni INR Ń Sọ fún Wa?

Ìbéèrè kan tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni pé: "Mò ń lo oògùn ọkàn mi déédéé, ara mi sì yá. Kí ló dé tí dókítà ṣì ń gba ẹ̀jẹ̀ mi?" Ẹ jẹ́ ká fi Warfarin ṣe àpẹẹrẹ.

Wọ́n máa ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tàbí ẹni tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin sí lọ́kàn, ní oògùn yìí kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú ọkàn, ó lè lọ sí ọpọlọ kó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Bí oògùn náà bá sì pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ. Ara kì í tètè fi èyí hàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn.

INR lorúkọ àyẹ̀wò náà. Ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì. Ti ẹni tí kò lo Warfarin máa ń jẹ́ nǹkan bíi 1. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkàn wọn ń lù ségesège, 2 sí 3 ni dókítà ń fẹ́. Ti ẹni tó ní ìlẹ̀kùn irin lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló ń yí i padà?

1. Ẹ̀fọ́: Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugu ní fítámì K, tó ń dín agbára Warfarin kù. Ẹ má pa ẹ̀fọ́ tì o. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ lọ́sẹ̀ kan bá ti èkejì mu.

2. Oògùn mìíràn: Flagyl àti Septrin lè mú INR ga. Aspirin àti ibuprofen ń dá kún ẹ̀jẹ̀ dídà. Ẹ bi apòògùn kí ẹ tó rà wọ́n.

3. Àgbo: Kò sẹ́ni tó lè sọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀.

4. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì: Ẹ rí dókítà ṣáájú, torí àkókò oúnjẹ àti ti oògùn yóò yí padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fà fún àyẹ̀wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́.

Ìyàwó ilé tó ń lo Warfarin gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó lóyún, torí ó lè pa ọmọ inú lára. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ̀jẹ̀ imú kò bá dá, tàbí bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

A mọ̀ pé owó ọkọ̀ láti Awo lọ sí Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀ ń wọni lára. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá àwọn òbí yín dá a, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà INR wọn sínú ìwé kékeré kan. Àmánà Ọlọ́hun lara wa. Kí Ó fún wa ní àlàáfíà. Àmín.